Ẹni Tó Bá Wá Ìwákúwàá: Òkú Ẹja, Àwòrán Ọpọlọ àti Àwa Náà

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí le díẹ̀, ó sì kan àwa náà.

Gbogbo ẹni tó bá ti gbé hóstẹ́ẹ̀lì rí ló mọ ọmọkùnrin kan tó ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Tó bá di alẹ́ ọjọ́ Àìkú, á gbé fóònù rẹ̀ yí ká yàrá: "Ẹ wò ó! Ṣé mi ò sọ fún yín? Gbogbo eré mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló bọ́ sí i!" Kò parọ́, tíkẹ́ẹ̀tì náà jẹ lóòótọ́. Ohun tí kò sọ ni pé tíkẹ́ẹ̀tì 40 ló ta lọ́sẹ̀ yẹn, àti pé 39 yòókù ti gé. Kò dìgbà tí èèyàn bá di onímọ̀ ìṣirò kó tó mọ̀ pé ọmọkùnrin yìí kò mọ bọ́ọ̀lù ju àwa tó kù lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa tú u fó: "Mélòó lo ta?"

Ìbéèrè yẹn gan-an la fẹ́ gbé lọ bá àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọpọlọ, àti àwọn tó ń ka iṣẹ́ wọn fún wa bí ìwé mímọ́. Ohun tí à ń sọ nìyí: ẹnikẹ́ni tó bá ní òun rí ibì kan tó ń tàn nínú ọpọlọ, tí kò sọ iye ibi tí òun wá kí òun tó rí i, tí kò sì sọ ohun tí òun ṣe nípa iye yẹn, kò tíì sọ nǹkan kan fún wa. A ò pè é ní òpùrọ́. A kàn ní kó lọ kó gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wá.

Ẹja tó ń ronú

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí òkú ẹja. Ní Amẹ́ríkà, Craig Bennett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta, Abigail Baird, Michael Miller àti George Wolford, fi odindi ẹja salmon kan ṣe ìwádìí. Gígùn ẹja náà tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45. Wọ́n gbé e sínú ẹ̀rọ fMRI, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí padà nínú ọpọlọ láti fi mọ apá ibi tó ń ṣiṣẹ́. Ẹja náà ti kú kó tó wọlé. Síbẹ̀, gbogbo ètò tí wọ́n máa ń ṣe fún èèyàn ni wọ́n ṣe fún un: wọ́n fi fọ́tò àwọn èèyàn hàn án, wọ́n sì ní kó sọ bí inú ẹni tó wà nínú fọ́tò ṣe rí, bóyá inú rẹ̀ dùn ni àbí ó ń bínú.

Àwòrán tí ẹ̀rọ yìí ń yà pín sí ègé kéékèèké tó dà bíi ṣúgà onígun. Voxel ni wọ́n ń pe ègé kọ̀ọ̀kan. Bennett àti ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ègé 8,064 wò lára ẹja náà, wọ́n sì bi ègé kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan náà: ǹjẹ́ o ṣiṣẹ́ nígbà tí fọ́tò wà níwájú ẹja? Ègé 16 dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Díẹ̀ nínú wọn sì wà níbi tí ọpọlọ ẹja náà wà gan-an. Ká ní wọ́n dúró síbẹ̀ ni, wọn ì bá kọ ọ́ jáde pé òkú ẹja mọ ìgbà tí inú ọmọ èèyàn bá bàjẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún ìṣirò náà ṣe, tí wọ́n sì ka iye ìbéèrè tí wọ́n bi mọ́ ọn, gbogbo iná yẹn kú. Ẹyọ kan ò ṣẹ́ kù.

Ọdún 2009 ni wọ́n gbé iṣẹ́ yìí síta níbi àpérò àwọn onímọ̀ ọpọlọ ní San Francisco. Ní 2012, ó gba ẹ̀bùn Ig Nobel, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún iṣẹ́ tó kọ́kọ́ pa èèyàn lẹ́rìn-ín kó tó wá mú un ronú. Ọ̀pọ̀ ló rẹ́rìn-ín. Ohun tó yẹ kó dun wá ni pé ọ̀nà tó jí òkú ẹja yìí kì í ṣe ọ̀nà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hùmọ̀ láti fi ṣe àwàdà. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi ń ka ọpọlọ èèyàn alààyè nígbà náà ni. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn jọ́nà pàtàkì tó jáde ní 2008 wò, láàárín ìdá 25 sí 40 nínú 100 àwọn iṣẹ́ fMRI inú wọn ni kò ṣe àtúnṣe kankan fún iye ìbéèrè tí wọ́n bi. Wọ́n ṣáà tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ibi tí iná náà ti wá

Ẹ̀rọ kò parọ́, ẹja kò sì jí. Gbogbo ẹ̀rọ ló ní ariwo tirẹ̀, bíi ṣíṣì tí à ń gbọ́ nínú rédíò nígbà tí kò sí ilé iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Tí èèyàn bá gbọ́ ariwo yẹn pẹ́ tó, á gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ wo ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ojú mẹ́jọ ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kó dé. Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀nà 256 ló wà tó lè gbà balẹ̀, ìdí nìyẹn tí odù fi jẹ́ 256. Ẹ jẹ́ ká kó babaláwo 1,024 jọ sí pápá ìṣeré, kí gbogbo wọn ju ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí a bá wo ìṣirò nìkan, nǹkan bíi mẹ́rin nínú wọn ni Èjì Ogbè máa yọ sí. Tí oníròyìn kan bá wá lọ bá àwọn mẹ́rin yìí, tó ya fọ́tò wọn, tó sì kọ ọ́ pé "Èjì Ogbè yọ ní Ìbàdàn," kò parọ́. Ṣùgbọ́n ó ti fi 1,020 pamọ́. A ò fi Ifá ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó lọ dá Ifá kì í sọ fún babaláwo pé kó ṣáà máa jù ú títí odù tó wu òun yóò fi yọ. Èyí tó bá yọ ni wọ́n máa ń kì. Àwọn bàbá wa ti mọ̀ pé ẹni tó bá ń yan nínú àbájáde, ara rẹ̀ ló ń dá Ifá fún.

Ohun kan náà ni gbèdéke tí gbogbo wa ń bá pàdé nínú ìwé ìwádìí, ìdá 5 nínú 100, ìyẹn ẹ̀ẹ̀kan nínú 20. Ronald Fisher, onímọ̀ ìṣirò ará Gẹ̀ẹ́sì, ló jẹ́ kó gbajúmọ̀ látinú ìwé rẹ̀ ti 1925. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí kò bá tilẹ̀ sí nǹkan kan níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan nínú ogún ìgbà la ṣì máa rí ohun tó jọ nǹkan. Tó bá jẹ́ ìbéèrè kan ṣoṣo lo ní, kò burú. Tó bá jẹ́ ìbéèrè 20 tí kò kan ara wọn lo bi, o ti ní ìdá 64 nínú 100 láti rí ó kéré tán ọ̀kan tó máa yege lórí asán. Tó bá wá jẹ́ ọpọlọ èèyàn, tí àwòrán rẹ̀ lè pín sí ègé 100,000, ègé 5,000 ló máa tàn láìsí ìdí. Kódà, tí o bá sún gbèdéke dé ẹ̀ẹ̀kan nínú 1,000, bí wọ́n ṣe ṣe fún ẹja yẹn, 100 ṣì máa tàn nínú ọpọlọ èèyàn. Nínú ẹja, nǹkan bíi 8 ló yẹ ká máa retí. Ègé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn sì máa ń jọ ṣìnà ni, nítorí náà ìṣìnà wọn máa ń kóra jọ, nígbà mìíràn á kéré sí 8, nígbà mìíràn á jù ú lọ dáadáa.

Òwe wa ti sọ ọ́ tán: ẹni tó bá wá ìwákúwàá, á rí ìríkúrìí. A ó máa pe irú iná bẹ́ẹ̀ ní ìríkúrìí nínú ìyókù ọ̀rọ̀ yìí. Orúkọ náà bá a mu ju èyíkéyìí tí a bá nínú ìwé òyìnbó lọ.

Ìwòsàn rẹ̀ kò ṣòro. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n fi orúkọ Carlo Bonferroni, ará Ítálì, pè: pín gbèdéke rẹ sí iye ìbéèrè tí o bi. Tí o bá bi ìbéèrè 8,064, pín ìdá 5 nínú 100 sí 8,064, kí ó lè ṣòro fún asán láti yege. Ọ̀nà kejì rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yoav Benjamini àti Yosef Hochberg, àwọn ará Ísírẹ́lì, ló gbé e jáde ní 1995. Wọn ò ní kí ìríkúrìí má wọlé rárá. Wọ́n ní nínú gbogbo ohun tí o bá kéde pé o rí, kí ìpín tó jẹ́ ìríkúrìí má kọjá iye tí o ti sọ ṣáájú. Ọ̀nà méjèèjì wà nínú àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹni tí kò lò ó kò lè sọ pé òun kò rí i.

"Ẹ ti le jù"

A mọ̀ pé àwọn kan máa ní a ti le jù. Àgbọ́ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, nítorí náà ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu wọn. Matthew Lieberman àti William Cunningham kọ àpilẹ̀kọ kan ní 2009 tó sọ pé bí a bá ń lé ìríkúrìí lójú méjèèjì, a ó máa pàdánù òtítọ́ kéékèèké tó wà nínú ọpọlọ. Wọ́n ní ohun tó bá jẹ́ asán kò ní í tún yọ nígbà tí ẹlòmíràn bá tún ìwádìí náà ṣe, àsìkò yóò sì fọ̀ ọ́ dànù. Wọ́n dábàá gbèdéke tó rọ̀: ìdá 5 nínú 1,000, tí ègé tó tàn bá ti tó mẹ́wàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ìdajì ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ òótọ́, a sì gbà á. Dókítà tó fẹ́ yọ kókó nínú ọpọlọ aláìsàn kò gbọdọ̀ le koko jù. Tó bá fojú fo ibi tí aláìsàn fi ń sọ̀rọ̀, tó sì gé e, odi ni yóò fi ẹni náà ṣe. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ó sàn kí ìríkúrìí mẹ́wàá wọlé ju kí òtítọ́ kan bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá mọ ewu méjèèjì tó sì sọ èyí tí òun yàn, a bọ̀wọ̀ fún un.

Ìdajì kejì ni a kọ̀. Ta ló ń tún ìwádìí náà ṣe? Owó tí wọ́n fi ń lo ẹ̀rọ yìí kò kéré, jọ́nà kì í sì í yára gba iṣẹ́ tó ní "a tún un ṣe, a ò rí nǹkan kan." Kí àtúnṣe tó dé, ìròyìn ti gbé e pé wọ́n ti rí ibi tí ìfẹ́ ń gbé nínú ọpọlọ, pásítọ̀ ti fi wàásù, olùkọ́ ti fi ṣe nóòtì fún kíláàsì. Ọ̀rọ̀ dà bí ẹyin: tó bá bọ́ sílẹ̀, kì í ṣeé kó.

Ègé mẹ́wàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ńkọ́? A ti sọ pé ìríkúrìí náà máa ń kóra jọ. Ní 2016, Anders Eklund, Thomas Nichols àti Hans Knutsson gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò bó ṣe yẹ. Wọ́n mú àwòrán ọpọlọ àwọn èèyàn 499 tí ara wọn dá ṣáṣá, tí wọ́n kàn ń sinmi nínú ẹ̀rọ. Wọ́n pín wọn sí ẹgbẹ́ kéékèèké bó ṣe bá wá, wọ́n sì fi ẹgbẹ́ kan wé èkejì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́ta ìgbà tí wọ́n ṣe ìṣirò náà. Kò sí ìdí kankan tí ẹgbẹ́ kan fi máa yàtọ̀ sí èkejì, nítorí náà ìríkúrìí ni ohunkóhun tó bá yọ. Ìdá 5 nínú 100 ló yẹ kó jẹ́. Nínú àwọn ètò kọ̀ǹpútà mẹ́ta tí gbogbo ayé ń lò, SPM, FSL àti AFNI, bí wọ́n bá fi ìkórajọ ègé ṣe ìdájọ́, ó máa ń dé ìdá 70 nínú 100 nígbà mìíràn. Wọ́n tún rí àṣìṣe kan nínú AFNI tó ti wà níbẹ̀ fún ọdún 15. Ẹ wò ó o: àwọn tí à ń wí yìí ti ṣe àtúnṣe, tàbí kí wọ́n rò pé àwọn ti ṣe é.

Ká má sì bo ẹ̀gbẹ́ kan. Nínú àpilẹ̀kọ yẹn, wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ bíi pé ọ̀rọ̀ náà kan iṣẹ́ 40,000, àwọn ìwé ìròyìn sì gbé e bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí jọ́nà tún gbólóhùn náà ṣe, Nichols sì ṣírò rẹ̀ sí nǹkan bíi 3,500. Inú wa dùn sí èyí ju gbogbo iṣẹ́ náà lọ. Ẹni tó ń bá ẹlòmíràn wí nítorí iye, òun náà ṣi iye kà, ó sì jáde sí gbangba láti sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju ìyẹn lọ.

Ìbéèrè tí a kò kà sínú ìwé tún wà. Ní 2020, wọ́n kó àwòrán ọpọlọ àwọn èèyàn 108 fún ẹgbẹ́ olùwádìí 70, wọ́n sì ní kí wọ́n dá ìbéèrè mẹ́sàn-án kan náà lóhùn. Kò sí ẹgbẹ́ méjì tó gba ọ̀nà kan náà ṣe iṣẹ́ náà, ìdáhùn wọn sì ta kora lórí ọ̀pọ̀ ìbéèrè náà. Nítorí náà, tí olùwádìí kan bá gbìyànjú ọ̀nà mẹ́wàá nínú yàrá rẹ̀, tó sì mú ẹyọ kan tó dáa wá fún wa, ọ̀nà mẹ́sàn-án tó kù náà wà lára tíkẹ́ẹ̀tì tó gé.

Kí ló kan ọmọ Yorùbá níbẹ̀?

Ẹnìkan nínú kíláàsì wa ti bi wá bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ fi ọpọlọ sílẹ̀ fún àwọn dókítà, ẹ jẹ́ ká máa ka ewì wa lọ."

Ó kàn wá nítorí pé èdè wà lára ohun tí wọ́n ń wá nínú ọpọlọ. Èdè Ṣáínà àti ti Thailand ni wọ́n ti fi wá ibi tí ohùn ń gbé. Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan máa gbé ọmọ Yorùbá bíi ogún sínú ẹ̀rọ, á sì jáde wá sọ pé báyìí ni ọpọlọ wa ṣe ń gbọ́ ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀, tàbí pé báyìí ni ọpọlọ ọmọ tó ń sọ Yorùbá nílé ṣe yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ó lè jẹ́ òótọ́ tó máa gbé èdè wa ga. Ó sì lè jẹ́ òkú ẹja. Tí àwa tí a fi èdè yìí gboyè kò bá lè béèrè pé "Ègé mélòó lẹ yẹ̀ wò? Àtúnṣe wo lẹ ṣe?", ta ló máa bá wa béèrè? Àtẹ́wọ́ nìkan la máa pa, nítorí pé wọ́n dárúkọ wa.

Ó sì kàn wá nítorí pé àwa náà ti ṣe é. Nínú pírójẹ́ẹ̀tì wa lórí ohùn, a gba ohùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀, a sì fi kọ̀ǹpútà wọn nǹkan 24: gíga ohùn, gígùn fáwẹ̀lì, bí ohùn ṣe ń wọ́lẹ̀ ní ìparí gbólóhùn, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. A fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn tó dàgbà sí ìlú ńlá yàtọ̀ sí àwọn tó dàgbà sí abúlé. Ọ̀kan ṣoṣo nínú 24 ló yege. A yọ̀, a sì fi ẹyọ kan yẹn kọ odindi orí kẹrin. Àgbà kan tó bá wa kà á ní kí a yọ 23 yòókù kúrò, kí iṣẹ́ náà má baà gùn jù. A yọ wọ́n. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: ìdá 5 nínú 100 lọ́nà 24 jẹ́ ẹyọ kan àti díẹ̀. Ohun tí a rí kò ju ohun tí asán nìkan lè fún wa lọ. Nígbà tí a ka ọ̀rọ̀ ẹja yìí, a wo ojú ara wa, kò sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀.

A ti dá gbogbo 24 padà sínú ìwé náà. A ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé lẹ́yìn àtúnṣe, ẹyọ kan kò yege. Orí kẹrin wa ti tín-ín-rín, wọ́n sì ti sọ fún wa pé iṣẹ́ tí kò rí nǹkan kan kì í gba máàkì gidi. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a ò lè máa bi àwọn onímọ̀ ọpọlọ léèrè tíkẹ́ẹ̀tì wọn, kí a sì fi tiwa sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ohun mẹ́ta la ń bẹ̀ yín fún. Èkíní, tí ẹ bá rí àwòrán ọpọlọ tó ní àwọ̀ pupa àti yẹ́lò nínú ìwé tàbí lórí fóònù, kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹ wá ibi tí wọ́n ti sọ iye ègé tí wọ́n yẹ̀ wò àti àtúnṣe tí wọ́n ṣe. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó dúró lọ́dọ̀ yín. Èkejì, nínú pírójẹ́ẹ̀tì tiyín, ẹ kọ iye ìbéèrè tí ẹ fẹ́ bi sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì ròyìn gbogbo wọn, èyí tó yege àti èyí tó gé. Ẹ̀kẹta ni ti ẹ̀yin olùkọ́ wa: ẹ dákun, ẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ "a wá a dáadáa, a ò rí i" ní máàkì tó tọ́ sí i. Níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ ẹni tó rí nǹkan nìkan ló ń yege, gbogbo wa la máa máa rí nǹkan, bó ti wù kó rí.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa fi ìwé wa sílẹ̀ ní ẹ̀ka. Máàkì tí wọ́n bá fún wa, a máa wá sọ ọ́ fún yín níbí, bó dáa, bí kò dáa.